Ewúrẹ́ Tó Kọ̀ Láti Gba Orí Afárá Jọọlá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Ní abúlé kan lọ́nà Ode Mahin, orí òpó nínú omi ni wọ́n kọ́lé sí, afárá pákó ni wọ́n sì ń gbà láti ilé dé ilé. Onílé kọ̀ọ̀kan ló ń tún afárá iwájú ilé rẹ̀ ṣe. Jọọlá apẹja mọ̀ pé tòun ti ń gbó, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń sọ pé, "Tó bá dọ̀la."

Ọmọ́lẹ́wà, ìyàwó rẹ̀, ń sin ewúrẹ́ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ náà dé ẹnu afárá, ó fi pátákò tẹ pákó wò, ó sì fà sẹ́yìn. Wọ́n tì í, kò lọ. Jọọlá nà án, ó ké, síbẹ̀ kò gùn ún.

"Baba Ṣèyí, ẹ jẹ́ ká wo abẹ́ pákó yìí o," ni Ọmọ́lẹ́wà wí. "Ẹran yìí mọ nǹkan kan."

Jọọlá bú sẹ́rìn-ín. "Kí ni ewúrẹ́ mọ̀? Ẹni tó gbọ́n á máa jẹ páálí? Mo ṣì gba ibẹ̀ kọjá lánàá."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìyá Jọọlá jáde, ó fẹ́ lọ wọ ọkọ̀ Igbokoda. Ó wo ewúrẹ́, ó dúró.

"Jọọlá, ṣé kò séwu?"

"Ẹ máa lọ, ìyá mi. Ojo lẹran yẹn."

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gun afárá. Nígbà tó dé àárín, òpó tí omi iyọ̀ ti jẹ lábẹ́ yẹ̀, pákó sì dá. Jọọlá bẹ́ sómi, ó gbé e jáde láàyè, ṣùgbọ́n egungun ìbàdí màmá ti fọ́. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, àmọ́ màmá kò lè dá rìn mọ́.

Ní báyìí, ẹ̀yìn Jọọlá ni màmá ń gbà wọ ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan tó pọ̀n ọ́n, ó bú sẹ́kún.

"Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Ewúrẹ́ gbọ́n jù mí lọ."

Màmá fọwọ́ pa á lórí. "Má sunkún, ọmọ mi. Ewúrẹ́ gba ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbọ́. Èmi, ìwọ ni mo gbà gbọ́."

Àánú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ ó gún Jọọlá lọ́kàn ju èébú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ṣọ́ra o! Ẹran á kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ wò. Èèyàn ló ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ràn lọ́wọ́. Ẹ má sọ fún ẹni tó fọkàn tán yín pé "kò séwu" nígbà tí ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.