Aránṣọ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ọkọ-Ń-Bọ̀

"Mo ń lọ o. Màá gba àyè sílẹ̀ fún ọ."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ìyàwó aránṣọ kan bá ọkọ rẹ̀ sọ nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Aránṣọ kò gbójú sókè. Kóòtù oníbàárà kan ló ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á parí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń retí ẹ̀yin náà níbì kan.

1.
Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú yàrá kan ni aránṣọ yìí ti ń ṣiṣẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó ń bá a rán bọ́tìnnì. Bó bá fẹ́ gé aṣọ, á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, á ní, "Olúwa, tọ́ ọwọ́ mi." Ìgbà náà ni àlùmọ́gàjí á tó ya ẹnu. Ó mọ ẹni tó ni òun, ó sì mọ ìdí tí òun fi ń ránṣọ. Orin kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó á ní, "Bàbá Olórin, dákẹ́ jàre, abẹ́rẹ́ ti fẹ́ máa jó mọ́ mi lọ́wọ́."

2.
Olówó kan rí iṣẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i tó gbọ́wọ́ lé aṣọ tó ń gbàdúrà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Aránṣọ, ṣé ìsìn la wá ṣe ni? Gé aṣọ, ó jàre! Ayé ti kọjá ibẹ̀ yẹn."

Ojú ti aránṣọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gé aṣọ láìgbàdúrà.

Olówó náà tún ní, "Ta ló máa wọ aṣọ tí aránṣọ ẹ̀yìnkùlé rán? Wá orúkọ òkèèrè kan, kí o rán an mọ́ ọrùn aṣọ."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo kóòtù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, orúkọ ẹni tí kò mọ̀ rí ló ń wà lọ́rùn wọn. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun kọ́ lòun rán an, òun kàn ń kó o wọlé láti òkè òkun ni. Àwọn olówó wá ń pè é ní Ọ̀gá Òkèèrè. Ó ń dáhùn. Ó tiẹ̀ ń dùn mọ́ ọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kò ní pẹ́ gbàgbé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ.

3.
Ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn olówó yìí máa ń pàdé ní pálọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ aṣọ wò. Bí aránṣọ ṣe fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ń ti ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì bọ̀, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, Bíbélì lábíyá. Oníbàárà kan béèrè, "Ọ̀gá Òkèèrè, ta nìyẹn?"

"Ará ilé wa kan ni."

Ìyàwó gbọ́. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní:

"Ará ilé ni mí lóòótọ́. Ìwọ ńkọ́, ilé ta lò ń gbé?"

"O ò mọ̀ bí ayé ṣe rí ni. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ọmọ Jésù ni mí, wọ́n á ní mo ti ya dìndìnrìn."

"Jésù ti mọ̀ ọ́ látìgbà tí o ò ti ní ju abẹ́rẹ́ kan lọ. Àwọn wọ̀nyí, ṣé wọ́n tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ?"

"Jẹ́ n parí kóòtù yìí ná. Màá bá ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò dé.

4.
Ní òwúrọ̀ tí ìyàwó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, orin ń lọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó ṣubú lulẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọkùnrin méjì sáré lọ sílé olówó láti pe ọkọ rẹ̀. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì, orúkọ tí wọ́n fi rì í bọmi.

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí."

"Aránṣọ ni."

"A ò ní aránṣọ. Ọ̀gá Òkèèrè àti àwọn àlejò ló wà lókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó bá mi."

Wọ́n padà. Lókè, aránṣọ ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí kò pa á lẹ́rìn-ín. Kó tó gbọ́, ìyàwó rẹ̀ ti lọ.

5.
Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ gba Bíbélì ìyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá àgbà kan wò ó títí.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni Ọkọ-Ń-Bọ̀?"

"Kò yé mi, Mà."

"Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ìyàwó rẹ ń gbé Bíbélì sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jókòó, á ní, 'Ẹ má bínú, ọkọ mi ń bọ̀.' Àwa náà bá sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ yẹn la fi ń gbàdúrà fún ọ."

Aránṣọ jókòó. Ohun tó ń wù ú láyé kò ju kó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tún sọ fún un pé, "Bàbá Olórin, dákẹ́ jàre."

"Mà, ṣé Ọlọ́run ṣì mọ̀ mí?"

"Ṣé Òun ló yí orúkọ rẹ padà ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ṣọ́ra o. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín àwọn tí kò mọ̀ yín mú yín sẹ́ Ẹni tó dá yín. Ọlọ́run lè dúró dè yín, àmọ́ èèyàn tó ń bá yín gba àyè sílẹ̀ lè má dúró pẹ́. Àwọn àgbà ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Aránṣọ náà ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ṣùgbọ́n kò tíì tú orúkọ òkèèrè kúrò lọ́rùn àwọn kóòtù tó kù. Kò tíì sọ fún àwọn olówó pé òun lòun ń rán wọn. Kò tíì kọrin. Aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ fọ̀, tó sá sórí okùn láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, kò tíì ká a.