Sólà Wá Wo Ilé Bàbá Ọlátẹ́jú

Láti àárọ̀ ni ọkàn Bàbá Ọlátẹ́jú kò ti balẹ̀. Sólà, ẹ̀rọ tó ń sọ oòrùn di iná, ń bọ̀ wá wò ó bóyá òrùlé rẹ̀ ṣeé fi ṣe ibùgbé. Bàbá ti fọ páànù, ó sì ti gé igi máńgòrò tó ń ṣíji bò ó.

Sólà fi ẹsẹ̀ irin rẹ̀ gun òrùlé, ó wò yíká.

"Ilé yín wù mí. Àmọ́ igi máńgòrò inú fọ́tò ilé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi dà?"

"Mo ti gé e nítorí yín, sà!"

"Háà! Abẹ́ kí ni kí n ti wá máa sinmi lọ́sàn-án?"

Bàbá dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí Sólà fi gbà láti dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyàwó Bàbá pariwo láti ìsàlẹ̀: "Olówó orí mi, iná ò mà tíì dé o!"

"Rọra, wọ́n ń sùn," ni Bàbá fèsì lórí òrùlé, níbi tó ti ń fi agbòòrùn ṣíji bo sólà.