Ṣèyíọlá àti Àwọn Ààrò Ijagba

Ṣèyíọlá kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì níkà nínú. Àbùjá ló bà á jẹ́. Iṣẹ́ tó bá gba ọjọ́ mẹ́ta, yóò wá ọgbọ́n tí yóò fi parí rẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, yóò sì máa fi àwọn tó ṣì ń ṣe tiwọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, nọ́ọ̀sì ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì dùn.

Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, ó tún wọlé ẹ̀kọ́ àgbà nínú ìlera àwọn òṣìṣẹ́, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń kọ́ bí iṣẹ́ oòjọ́ kò ṣe ní í pa ẹni tó ń ṣe é lára. Iṣẹ́ kan ló kù kó gbàwé ẹ̀rí: kó jókòó ti àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Ijagba, nítòsí Ọ̀wọ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, kó yẹ ojú àti àyà wọn wò nítorí ẹ̀fín, kó sì kọ ohun tó rí. Ilé iṣẹ́ kan ti fi àyè nọ́ọ̀sì sílẹ̀ dè é. Ìwé ẹ̀rí yẹn nìkan ni wọ́n ń retí.

Màmá Ògúnyẹmí, olùkọ́ wọn, kìlọ̀ fún wọn. "Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹni tí ẹ ò bá rí, ẹ má kọ ọ́."

Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, ọ̀nà Ijagba sì di ẹrẹ̀. Ṣèyíọlá jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó pe Ìyá Lábísí, olórí àwọn obìnrin náà, lórí fóònù.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ààrò ta ni àti ta ni ló wà lọ́dọ̀ yín?"

Ìyá Lábísí ka mẹ́rìndínlógún fún un. "Ìgbà wo lẹ wá ń bọ̀, nọ́ọ̀sì?"

"Láìpẹ́, mà."

Gbọ́lá, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ti ilé ìlagi tí wọ́n rán òun sí dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi lórí. Ó bá a níbi tó ti ń kọ̀wé. "Ìwọ ò lọ ni?"

"Ẹ̀fín kan náà ni gbogbo ẹ̀fín," ni Ṣèyíọlá wí. "Kí ni mo fẹ́ lọ wò?"

Ó fún ẹni kan ní ìfúnpá tó ga díẹ̀, ó fún ẹlòmíràn ní ojú tó mọ́ kedere. Ìwé náà dára lójú. Ó dùn mọ́ Màmá Ògúnyẹmí débi pé ó ní kí gbogbo kíláàsì bá òun ká lọ sí Ijagba, kí àwọn lọ ka èsì náà fún àwọn tó ni ín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Ṣèyíọlá kò tilẹ̀ lò tó oṣù kan.

Abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gàrí ni wọ́n jókòó sí. Màmá gbé awòjú rẹ̀ wọ̀, ó sì kà á sókè. "Ìyá Hamidat. Ìfúnpá rẹ̀ dára, ojú rẹ̀ mọ́, kò wúkọ́ rárá."

Ìyá Lábísí rọra nu ọwọ́ rẹ̀.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó ní. "Ọdún kẹta rèé tí a ti sin ín. Inú wa dùn pé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Lọ́dọ̀ wọn, obìnrin tó bá mọ ààrò ni wọ́n fi ń pè é. Bó bá kú, ọmọ rẹ̀ a jókòó sídìí rẹ̀, orúkọ kò ní yí. Ẹni tó bá lo wákàtí kan péré níbẹ̀ á ti mọ̀. Nínú mẹ́rìndínlógún yẹn, mẹ́fà ti wọlẹ̀ lọ, Ṣèyíọlá sì ti fún gbogbo wọn ní ìlera.

Hamidat wá dìde. Ojú òsì rẹ̀ pọ́n, omi ń ṣàn níbẹ̀. "Èmi ni mo jókòó sídìí ààrò màámi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ojú yìí ti ń dùn mí. Nọ́ọ̀sì, ìwé yín ò sọ nǹkan kan nípa tèmi?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú ti Ṣèyíọlá, ó sì dùn ún dọ́kàn.

Màmá Ògúnyẹmí ya ìwé náà sí méjì. Ṣèyíọlá tún ọdún náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, Gbọ́lá ló sì bọ́ sí àyè tí ilé iṣẹ́ yẹn fi sílẹ̀ de Ṣèyíọlá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ṣèyíọlá fi gun ọ̀kadà lọ sí Ijagba láràárọ̀. Ó kọ́kọ́ mú Hamidat lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí wọ́n padà, àwọn obìnrin fi Ṣèyíọlá sídìí ààrò Ìyá Hamidat, wọ́n fún un ní igbá tí wọ́n fi ń yí gàrí, kó lè mọ ibi tí ẹ̀fín ń gbà. Kó tó di ọ̀sán, omijé ti wẹ̀ ẹ́. Ojú Hamidat ti yá báyìí, Ṣèyíọlá sì ti gbàwé ẹ̀rí rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí dòní, tó bá ń kọjá ní Ijagba, wọn a máa kí i pé, "Nọ́ọ̀sì Òkú, ẹ kú àtijọ́. Àwọn ará ọ̀hún ńkọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ fi kọ́gbọ́n. Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Ibi tí a bá gbà gòkè náà la ó gbà sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ìtọ́jú ènìyàn, kó dìde, kó lọ wo ènìyàn náà lójú. Orúkọ tí a kọ sínú ìwé kì í sọ ibi tó ń dun ẹni tó ni ín, bí a ò bá lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.