Ẹkún Mbah Kromo

Ìjókòó iwájú nínú ẹgbẹ́ olórin Pak Darsono, akọrin kan ṣoṣo ló gbà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Nyi Rubinah ti wà níbẹ̀, kí Ratri, akọrin ọ̀dọ́, tó ti ilé ẹ̀kọ́ orin dé sí ìlú Solo, tòun ti ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìjókòó náà bá bọ́, ọ̀dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni Nyi Rubinah yóò máa jókòó sí, ìyẹn tó ń pe orin ní ariwo.

Pak Darsono, onílù tó tún jẹ́ olórí ẹgbẹ́, kò fẹ́ ìjà obìnrin.

"Ẹni tó bá kọrin tí Mbah Kromo fi sunkún, òun ló ni ìjókòó náà."

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Mbah Kromo, àgbà wọn, ló ń lu agogo idẹ ńlá tó máa ń kádìí ìpín orin kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni kì í tàkúrọ̀sọ lórí orin. Kí i, á rẹ́rìn-ín. Bi í ní iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì, á rẹ́rìn-ín. Á kàn máa wo ọwọ́ Pak Darsono títí yóò fi kàn án. Nígbà mìíràn, omi á bọ́ lójú rẹ̀, àwọn èèyàn á ní, "Bàbá yìí létí orin!"

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, wọ́n kọ́kọ́ mu tíì. Nyi Rubinah ò fẹnu kan nǹkan. Ààwẹ̀ ló ń gbà kí ohùn lè rọ̀. Oníkálukú ń sọ orin tó ń pa á lẹ́kún.

"Èyí tí wọ́n kọ níbi ìgbéyàwó mi," ni Pak Sastro onígòjé wí.

"Ìyàwó yín ńkọ́?" ni ẹnì kan bi í.

"Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún."

Ratri ní, "Orin kankan ò tíì pa mí lẹ́kún rí. Èmi ni mo máa ń pa èèyàn lẹ́kún."

"Òótọ́ ni, ọmọ mi," ni Nyi Rubinah dáhùn. "Mo gbọ́ ẹ lánàá, ojú mi ò gbẹ."

Tíì gba imú Pak Sastro jáde.

Ratri ló kọ́kọ́ kọrin. Orin tó yára bí ẹsẹ̀ ìgalà ló mú. Agogo ò sinmi, ọwọ́ bàbá ò sinmi. Ohùn náà dùn débi pé ara Nyi Rubinah fúnra rẹ̀ bù máṣọ. Ojú Mbah Kromo gbẹ bí ẹja sísá.

Nyi Rubinah mú èyí tó gùn jù: èèyàn lè mu ife tíì kan tán kí agogo tó tún dún. Láàárín orin, ohùn rẹ̀ já. Ó rò pé ó ti parí fún òun. Pak Darsono dẹ ọwọ́ ìlù. Ó tún dẹ̀ ẹ́, agogo sì túbọ̀ pẹ́. Mbah Kromo gbé òòlù sókè, ó sì lu agogo.

Ilẹ̀ gbọ̀ngán mì lábẹ́ ìdí wọn. Omi dà lójú bàbá, ó ṣàn dé irùngbọ̀n.

Ariwo ta! Pak Sastro gbé gòjé jó. Ratri fúnra rẹ̀ tẹrí ba fún Nyi Rubinah, ẹni tó rẹ́rìn-ín títí irun àlẹ̀mórí rẹ̀ fi já bọ́. Ó gbé e padà, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò bìkítà.

Nígbà tí wọ́n ń tú ká, Nyi Rubinah kúnlẹ̀ níwájú Mbah Kromo.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an nínú orin náà ló wọ̀ yín lọ́kàn?"

Mbah Kromo rẹ́rìn-ín.

"Àbí ibi tí ohùn mi ti já ni?"

Bàbá fọwọ́ pa á lórí.

Ìyàwó bàbá, tó wá mú ọkọ rẹ̀ lọ sílé, bẹ̀rẹ̀ mọ́ Nyi Rubinah létí, ó ní, "Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú, ọmọ mi, etí wọn ti di pátápátá kí àbíkẹ́yìn wa tó lọ́kọ, agogo yẹn nìkan ni wọ́n ṣì ń gbọ́, ikùn ni wọ́n sì fi ń gbọ́ ọ, bó bá wá pẹ́ kó tó dún, ayọ̀ á pa wọ́n lẹ́kún."