Àpótí Àwọn Aláró

"Ó bàjẹ́!" Òṣìṣẹ́ ìdìbò ju ìwé ìbò kẹtàlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Olùdíje di tábìlì mú. Nínú àwọn tó ń du ipò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù náà, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló kéré jù, síbẹ̀ ìbò mẹ́wàá péré ni ẹgbẹ́ ńlá fi ṣíwájú rẹ̀. Àpótí kan ṣoṣo ló kù, ti àwọn aláró Ìtòkú, àwọn èèyàn rẹ̀ gan-an. Omi sì ti ń tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu báyìí.

"Ó bàjẹ́!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò!"

"Ẹ gbà, mà, ẹ fojú ara yín rí i."

Àbàwọ́n aró kún ìwé náà látòkè délẹ̀. Kò sí àmì ẹgbẹ́ tí kò kàn. Olùdíje kọjú sí aṣojú ẹgbẹ́ ńlá. "Olè! Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́!"

"Àwa ni, ọmọ mi," Ìyá Mọ̀nsúrát, olórí àwọn aláró, fèsì lẹ́yìn rẹ̀. "Ìwọ lo lé wa dìde nídìí ìkòkò aró láàárọ̀. O ní ká má wulẹ̀ fọwọ́, pé ìbò ti ń lọ."

Olùdíje wo ọwọ́ tirẹ̀, aró ṣì wà níbẹ̀. Ó rántí bó ṣe bá wọn rẹ aṣọ tó kù kí wọ́n lè tètè jáde, tí gbogbo wọn sì jọ sáré lọ tò láti dìbò.

Ìwé kan ṣoṣo ló kù. Òṣìṣẹ́ tú u, ó wò ó. Kó tó lanu sọ̀rọ̀, olùdíje ti fi ìborùn bo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.