Yàrá Yìnyín Tí Àṣírù Kọ́ Sínú Ilé Onílé

Ẹ má fo ìlà kankan níbí o, ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ṣọ́ọ̀bù, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

1
Ọmọ onílẹ̀ ni Àṣírù ní Ajah. Bàbá rẹ̀ ló ta ilẹ̀ etí títì fún àwọn tó kọ́ ilé ìtajà sórí ẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ní Lakowe ló kù fún un. Ó tà á, ó ní ẹja dídì lòun fẹ́ máa tà, ó sì lọ gba ṣọ́ọ̀bù ọdún méjì nínú ilé ìtajà yẹn gan-an.

Fúnláyọ̀, mánẹ́jà ibẹ̀, kó ìwé àdéhùn fún un. "Ọ̀gá Àṣírù, ẹ mú un lọ sílé, ẹ fara balẹ̀ kà á."

"Kí n ka kí ni? Ibi tí ẹ jókòó sí yìí, ibẹ̀ ni bàbá mi ń gbin ẹ̀gẹ́ sí!"

Hameedat, ìyàwó rẹ̀, fà á láṣọ. "Dádì Habeeb, ẹ jẹ́ ká fi han lọ́yà."

"Lọ́yà ló máa kọ́ mi bí mo ṣe máa wọ ilẹ̀ bàbá mi? Gbé bíírò wá, jàre!"

Ojú-ewé tó gbẹ̀yìn nìkan ló ṣí, torí ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà, ó sì buwọ́ lù ú. Ọ̀dẹ̀ paraku.

2
Gbogbo owó ilẹ̀ Lakowe ló fi kọ́ yàrá yìnyín tí ẹja yóò máa dì sí sínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó da kankéré, ó jó irin mọ́ ògiri. Hameedat ní kí wọ́n ra èyí tó ṣeé tú.

"Ṣé alákàrà ni mí, tí màá máa gbé igbá kiri?"

Ọjà tà lóòótọ́. Àwọn tó ń se oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ ń ti Ibeju-Lekki wá. Àṣírù na ẹsẹ̀ sórí àga, ó ń pe ara rẹ̀ ní láńlọ́ọ̀dù.

3
Ọdún méjì pé, lẹ́tà dé pé kó kó jáde. Ó kó bíríkìlà mẹ́ta wá láti hú yàrá rẹ̀. Fúnláyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí ojú-ewé keje.

"Ẹ kà á sókè, sà."

Àṣírù kà á: ohunkóhun tí ayálégbé bá kọ́ mọ́ ilé ti di ti onílé, kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lọ.

"Irọ́! Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ ni!"

Hameedat tó tẹ̀ lé e wá ló dáhùn. "Ó wà nínú ẹ̀dà tiwa nílé náà. Mo kà á láàárọ̀ yìí."

"Ilẹ̀ bàbá mi ni!"

"Bàbá yín ti tà á, sà," Fúnláyọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Bíríkìlà kan bú sẹ́rìn-ín. Ohùn Àṣírù wá rọ̀ wọ̀ọ̀. "Màdáámù, ẹ ṣàánú mi. Gbogbo ogún mi ló wà nínú yàrá yẹn."

"Ẹ ò bá ti béèrè ni. Bọ̀sún tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín béèrè kó tó buwọ́ lu tirẹ̀. A kọ ọ́ fún un pé ó lè tú ohun tó bá kọ́ mọ́ ilé lọ. Ìlà kan péré ni."

Ìlà kan! Ẹnu tó ń pariwo bàbá mi, bàbá mi, kò lè béèrè ìlà kan. Ẹlòmíràn ló ń ta ẹja nínú yàrá náà báyìí. Àṣírù ń tò lórí ìlà níbẹ̀ láràárọ̀, ó ń ra páálí kan tí yóò lọ tà lábẹ́ agbòjò ní gáréèjì Ajah.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù kò mọ ọmọ onílẹ̀. Ẹ kà á. Bí kò bá yé yín, ẹ sanwó fún ẹni tó yé. Èyí tí ẹ kò bá fẹ́ níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yí i kí ẹ tó buwọ́ lù ú, torí lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù. Bí ìyàwó yín bá sì ní kí ẹ kà á, ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ kà á.