Àyè Tó Ṣófo Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dàmíánì

Nígbà Kòrónà, Bùrọ́dà Kílẹ́mẹ́ǹtì ti ìsìnkú ìyá rẹ̀ dé pẹ̀lú ikọ́. Baba Olórí àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà, ní kí wọ́n má ṣí géètì ilé tí gbogbo wọn jọ ń gbé fún un. Abẹ́ igi mángòrò ìta ló kú sí. Láti ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bùrọ́dà Dàmíánì, ti di kùnrùngbùn sí Baba sínú.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Baba dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Dàmíánì, inú ẹ ò ní í yọ́ ni?"

"Ẹ lọ bi ẹni tẹ́ ẹ tì síta, Baba."

Wọ́n wọlé. Nítorí àrùn, àyè kan máa ń ṣófo láàárín ẹni méjì. Dàmíánì tẹ́ aṣọ sórí àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ibẹ̀ ni Kílẹ́mẹ́ǹtì máa ń jókòó. Apá ọ̀tún tí Dàmíánì wà kọ ẹsẹ Sáàmù kan, apá òsì tí Baba wà gba èkejì, bí ìṣe wọn.

Ìró sálúbàtà ń wọ́ bọ̀ láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dìde. Atẹ́gùn kò fẹ́, síbẹ̀ iná àbẹ́là tẹ̀. Ni ohùn Kílẹ́mẹ́ǹtì bá bọ́ sínú orin, tó ń fa ìparí ẹsẹ gùn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Dàmíánì sáré ká aṣọ kúrò lórí àyè náà. "Jókòó," ló ń wí nínú ara rẹ̀, "èmi ni mo jà fún ọ."

Àmọ́ apá òsì ni ohùn náà wà. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ Baba dún bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé e. Baba kò wo ẹ̀gbẹ́. Ó kàn sún ìwé orin rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹnìkejì lè rí i kà.